Ọlọ́pàá tí ò ra bẹ́ẹ̀dì

Ìyá mi ní yàrá kan àti pálọ̀ kékeré kan t'ó ń fi háyà lẹ́yìn ilé wa, sìmẹ́ńtì nílẹ̀, páànù lókè, balùwẹ̀ níta lábẹ́ igi máńgòrò. Abúlé kan lábẹ́ Kétu ni o, ní orílẹ̀-èdè Benin, lápá ibi tí ọ̀nà ti ń lọ sí bọ́dà Nàìjíríà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí pé àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ò pọ̀, tí mo bá dárúkọ abúlé mo ti dárúkọ wọn nìyẹn. Láti 2018 títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí, ọlọ́pàá ló ń gbé yàrá yẹn, ọ̀kan á jáde, òmíì á wọlé, nígbà míì ìyá mi ò tíì ráyè tún ilẹ̀kùn ṣe tí ẹni tuntun á ti gbé ẹrù dé. Mo kà wọ́n nígbà tí mo lọ kí i lọ́dún Àjíǹde t'ó kọjá, ẹni kẹfà ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ìyá mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe ń mọ ẹni tó máa pẹ́. Kì í wo ojú wọn, kì í bi wọ́n ní nǹkan kan, ẹrù tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń wò. Á pè mí lórí fóònù, á ní "èyí ò gbé bẹ́ẹ̀dì wá o," mo ti mọ ohun tó ń sọ. Fóòmù nìkan, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, aṣọ á wà nínú báàgì, yúnífọ́ọ̀mù nìkan ló máa rí ìṣó kọ́, sítóòfù kékeré kan, fáànù kan, ó parí. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ owó ilé, àfáńsì oṣù mẹ́fà ni ìyá mi máa ń bèèrè, wọ́n á san ti oṣù méjì, wọ́n á ní Màmá ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná. Ẹni tó bá ti ní ká máa wò ó ná, ìyá mi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíì sílẹ̀.

Èmi, Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni mo ń gbé, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń to fáìlì òṣìṣẹ́ ni mo ti ń jẹun, kì í ṣe ti ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ibi gbogbo náà ló rí bákan náà, lẹ́tà ẹni tó fẹ́ kúrò níbì kan lọ síbòmíì ni mò ń kà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀kan á kọ ọ́ pé ara òun ò yá. Òmíì á ní ìyá òun ti darúgbó, kò sẹ́ni tó máa tọ́jú ẹ̀. Mo ti kà á títí mo fi mọ̀ pé ìdí tó wà nínú lẹ́tà àti ìdí tó wà nínú èèyàn kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà, torí ẹ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní yunifásítì sọ fún mi pé òun fẹ́ wádìí ìdí tí ọlọ́pàá kì í fi í pẹ́ lábúlé, pé òun máa pín fọ́ọ̀mù fún wọn, kí wọ́n fi àmì sí i bí iṣẹ́ ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn sí láti 1 dé 5, ẹ̀rín ló pa mí. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ bi ìyá mi.

Ẹni àkọ́kọ́ dé ní 2018. Ẹ rántí pé kó tó di ọdún yẹn, ọ̀tọ̀ ni ọlọ́pàá, ọ̀tọ̀ ni zàndáámù, ọlọ́pàá ló wà ní ìlú ńlá, zàndáámù ló ń ṣọ́ abúlé. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2018 ni wọ́n pa méjèèjì pọ̀ tí wọ́n di Police Républicaine, bìrìgéèdì zàndáámù tó wà lọ́dọ̀ wa di kọmísáríà, wọ́n pààrọ̀ pátákó iwájú ẹ̀. Àwọn zàndáámù tí mo mọ̀ nígbà kékeré, ẹ̀yìn bìrìgéèdì yẹn ni wọ́n ń gbé tìyàwó tọmọ, a jọ ń lọ iléèwé pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, a sì jọ ń jà, wọ́n mọ̀ ọ́n jà gan-an. Àwọn tó wá dé lẹ́yìn ìyẹn pọ̀ ju yàrá tó wà níbẹ̀ lọ, báyìí ni ìyá mi ṣe di onílé ọlọ́pàá.

Ọmọ Kùtọnú ni ẹni àkọ́kọ́ yẹn. Ìyàwó ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Calavi, ọmọ méjì, ọ̀kan nínú wọn ní àrùn ikọ́ọfe. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, wàá rí i létí títì láago mẹ́rin, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń wá táksí tó ń lọ sí Pobẹ̀, láti ibẹ̀ á wọ ti Àjàṣẹ́, láti Àjàṣẹ́ á wọ ti Kùtọnú, ọjọ́ Àìkú á tún forí lé ọ̀nà. Ìkòkò méjì ló gbé kaná, owó oṣù kan ṣoṣo ló ń dá a. Kò sọ̀rọ̀ abúlé wa láìdáa rí o, ó kàn jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ ni. Tí àwọn ará ilé bá ń sọ̀rọ̀, fóònù ló ń wò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ó rí ẹnì kan tó mọ ẹnì kan, affectation ẹ̀ jáde, bí a ṣe ń pe ìwé tí wọ́n fi ń gbé òṣìṣẹ́ láti ibì kan lọ síbòmíì nìyẹn níbí, ó ká fóòmù ẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn zém, ọ̀kadà wa níbí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi dáadáa. Ìṣó tó kàn mọ́ ògiri ṣì wà níbẹ̀.

Ẹnìkejì ò tiẹ̀ yẹ lẹ́ni tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, oṣù mẹ́rin, ó lọ. 

Mo kà nípa bí ó ṣe ń rí nílẹ̀ òkèèrè torí ọ̀rẹ́ mi yẹn. Ní Amẹ́ríkà, ìlú kéékèèké ló ní ọlọ́pàá tiẹ̀, ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tó wà níbẹ̀ tó bí 12,000, nǹkan bí ìdajì nínú wọn ni ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ ò pé 10. Ẹ rò ó wò, ọlọ́pàá mẹ́sàn-án! Tí ọ̀kan bá lọ, àwọn mẹ́jọ tó kù ló máa pín alẹ́ ẹ̀ ṣe, ó máa rẹ̀ wọ́n, òmíì náà á lọ. Abúlé ló ń kọ́ ọmọdé níṣẹ́, ìlú ńlá tó lówó á wá mú un. Lẹ́yìn wàhálà ọdún 2020, nígbà tí ọlọ́pàá pa George Floyd, ló wá burú, wọ́n bi nǹkan bí igba ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 2021, àwọn tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ fi 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti ọdún tó ṣáájú, àwọn tó fẹ̀yìn tì fi 45 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. 

Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, ibí sì ni mo rò pé fọ́ọ̀mù ọ̀rẹ́ mi ti máa ṣìnà. Ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo la ní láti Kùtọnú dé Màlánvílù, ta ló máa kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, iṣẹ́ tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá kéde kọ̀ǹkúù ẹ̀, ìdánwò tí wọ́n fi ń gbani síṣẹ́, ṣe ni àwọn ọ̀dọ́ á tò bí èèrà? Kò sẹ́ni tó ń lọ. Tí ẹ bá wo ìwé, gbogbo wọn pé. Wọn ò tún lè daṣẹ́ sílẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ń bójú tó òfin ìpìlẹ̀ fọwọ́ sí i ní 2018 pé àwọn agbófinró ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Torí náà ẹni tí iṣẹ́ bá sú, ibo ló fẹ́ gbé ẹ̀sùn ẹ̀ gbà? Ó máa gbà á ní ọ̀nà ìwé dókítà, ní ọ̀nà ẹ̀gbọ́n tó mọ ọ̀gá, tàbí kó jókòó síbẹ̀ kó máa wo aago. Ara ń bẹ níbẹ̀, ọkàn ti wọ táksí Pobẹ̀ tipẹ́.

Ẹnìkẹta ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó dé ní 2019 nígbà tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti bọ́dà, oṣù kẹjọ ni wọ́n tì í, kò ṣí títí di oṣù kejìlá 2020, ìgbà yẹn kò sí ọjà, kò sí owó, gbogbo èèyàn ń kanra. Ọmọ Bàrìbá ni, apá Parakou ló ti wá, kò gbọ́ Yorùbá kankan. Òun náà ò gbé bẹ́ẹ̀dì wá. Ìyá mi pè mí, ó ní òkè ọya ni wọ́n ti rí èyí, oṣù mẹ́ta.

Oṣù karùn-ún, ó lọ bá kápẹ́ńtà. Nígbà tí yóò fi tó oṣù kẹjọ, ìyàwó ẹ̀ ti dé, ó ń ṣe wàrà, ìyẹn tí àwọn kan ń pè ní wàgásì, ó ń tà á níwájú ilé, àwa tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ wàrà nílé wa wá di ẹni tó ń jẹ ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ọlọ́run. Wọ́n bímọ kan síbẹ̀, ìyá mi ló sọ orúkọ Yorùbá tiẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Tọ́ńtọ̀n, àwọn àgbà ń pè é ní Ṣẹ́ẹ̀fù, àmọ́ lẹ́yìn ẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀fù Oníkajú ni, torí pé lọ́dún 2020 ó bẹ ìyá mi pé ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn balùwẹ̀ yẹn ṣòfò, ó gbin kajú méjìlá síbẹ̀, ó ń fi omi ìwẹ̀ bomi rin ín. Ọlọ́pàá tó ń gbin kajú! Ọdún mẹ́ta ó kéré tán kó tó ronú àtiso. Mo bi í léèrè nígbà kan bóyá ó ń retí láti jẹ nínú ẹ̀, ó fi Yorùbá tiẹ̀ tó rí wọ́gawọ̀ga yẹn sọ pé "igi kò mọ affectation."

Alẹ́ kan wà nínú ẹ̀ẹ̀rùn 2021, mo wà nílé lọ́jọ́ náà ni mo ṣe mọ̀. Màlúù wọ oko ẹ̀gẹ́ bàbá kan. Ẹni tó bá mọ Kétu mọ ohun tí ìyẹn lè dà, àwọn ọ̀dọ́ ti mú àdá, ẹnì kan ti gbé ìbọn ọdẹ tí wọ́n fi ń pa ẹmọ́ jáde, ọmọ Fúlàní tó ń da màlúù náà ò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, wọ́n ti mú un jókòó sílẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀fù sáré dé pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti sílípáàsì, kẹ́ẹ̀pì nìkan ló ráyè dé. Ó ní "Ẹ kú alẹ́ ẹ̀yin ará ilé mi," ohùn ẹ̀ wọ́, àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn nìkan ti ṣe nǹkan. Ó bá ọmọ náà sọ Fúlàní. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí mi ò rí kí ọlọ́pàá ṣe rí, ó gba tọ́ọ̀ṣì, ó mú bàbá olóko lọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú ọmọ náà lọ́wọ́ òsì, wọ́n wọ oko, wọ́n ń ka ebè tí màlúù tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá á kà, ọmọ á tún un kà, tí wọn ò bá gbà fúnra wọn, Ṣẹ́ẹ̀fù á tan iná sí i, wọ́n á tún un wò. Ó gbà wọ́n tó wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde, oorun ti ń kun àwọn tó gbé àdá, ìdajì wọn ti lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, bàbá ọmọ náà dé, wọ́n san owó ebè níwájú baálẹ̀, ó tán.

Bàbá olóko gbé àkùkọ kan wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bèèrè bóyá àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, èmi náà bèèrè. Ṣẹ́ẹ̀fù so ó mọ́ ìdí máńgòrò, ó ní òun ò jẹ ẹ́, òun ò sì lè dá a padà kí bàbá má bínú, àkùkọ náà di baba gbogbo adìẹ ilé wa.

Ṣẹ́ẹ̀fù sọ ìtàn alẹ́ yẹn fún oṣù kan gbáko. Á máa jẹ ẹ̀kọ, á tún un sọ, iye ebè ń pọ̀ sí i bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé nípa òṣìṣẹ́ ló ń wá sí mi lọ́kàn: Frederick Herzberg, ọmọ Amẹ́ríkà, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bi nǹkan bí igba èèyàn léèrè, àwọn ẹnjiníà àti akáúńtáǹtì lágbègbè Pittsburgh, pé ìgbà wo niṣẹ́ dùn mọ́ wọn jù, ìgbà wo ló sú wọn jù, wọ́n gbé e jáde ní 1959. Wọ́n rí i pé ohun tó ń múnú òṣìṣẹ́ dùn àti ohun tó ń bí i nínú kì í ṣe orí kan náà. Owó, ọ̀gá, òfin ibiṣẹ́, tí ìyẹn ò bá dáa, inú èèyàn á bàjẹ́, tó bá dáa, kò ní bàjẹ́ mọ́, ibi tó mọ nìyẹn. Ohun tó ń mú kó dùn ni kí èèyàn ṣe nǹkan kó yọrí, kí wọ́n sì mọ̀ pé òun ló ṣe é. Àwọn kan ti ta kò ó pé bó ṣe ń ṣe ọmọ aráyé nìyẹn, tó bá dùn èmi ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, tó bá korò ọ̀gá ni, òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi rí ojú Ṣẹ́ẹ̀fù nígbà tó ń jẹ ẹ̀kọ yẹn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé alẹ́ yẹn ò sí nínú ìwé kankan. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ? Wọn ò mú ẹnì kankan, ẹ̀jẹ̀ ò ta sílẹ̀. Iṣẹ́ ọlọ́pàá abúlé tó dáa jù lọ, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kì í sì í wọ inú ìròyìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sókè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ìwé dé. Atacora, lókè lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó bi í, kò sẹ́ni tó sọ fún un ṣáájú, ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìkòkò tuntun fún wàrà. Bí wọ́n ṣe rí i gbọ́ náà ni wọ́n ṣe di ẹrù, bẹ́ẹ̀dì ò gba inú ọkọ̀, wọ́n tà á fún ẹni tó ń ran aṣọ lójú ọ̀nà.

Mo bínú. Mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sí fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ìjọba ò mọ nǹkan kan, ẹni tó fẹ́ lọ wọ́n á fi í sílẹ̀ kó máa bẹ̀bẹ̀, ẹni tó fẹ́ dúró wọ́n á hú u. Mi ò fi ránṣẹ́ sí ẹnì kankan, torí pé bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo rántí ìgò tó wà níwájú ilé wa.

Ìyá mi ń ta kpayo, pẹ́tíróòlù tó ń ti Nàìjíríà wọlé. Kì í ṣe àṣírí, tábìlì kan, ìgò mẹ́wàá, ẹni tó bá ti gba Kétu kọjá ti ra irú ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Ṣẹ́ẹ̀fù ń kọjá lára tábìlì yẹn lọ síbi iṣẹ́ tí òfin ti ní kó máa lé ẹni tó ń ta irú ẹ̀, á ní "Màmá ẹ kú ọjà," ìyá mi á ní "ọjà á wà o, ọkọ mi." Ìgò mẹ́wàá ò pa ẹnì kankan, mo mọ̀. Àmọ́ àwọn kan ń kó ọgọ́rùn-ún jálá kọjá lóru, ọmọ abúlé kan náà ni wọ́n, wọ́n jọ jẹ ìsọmọlórúkọ, ṣé wọ́n á kí i "Ṣẹ́ẹ̀fù ẹ kú iṣẹ́" kó má dáhùn ni? Ìdí tí wọ́n fi ń ṣí ọlọ́pàá kiri nìyẹn, ní ẹnubodè pàápàá, wọ́n ń bẹ̀rù kó má di tara wa jù. Bàbá àgbà wa ní tiẹ̀ máa ń sọ pé Akaba Ìdènà tó wà ní Kétu, ẹnu ọ̀nà ńlá tó wà lára ògiri tó yí ìlú ká yẹn, ọmọ ìlú ló ń ṣọ́ ọ, àlejò ò lè ṣọ́ ilé onílé. Mo máa ń fẹ́ràn kí ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tiwọn, ẹni tó ń ti ìta bọ̀ lọ̀tá, ní 1886 tí Dàhòmì wọlé tó sì run ìlú, kò sẹ́ni tó ń béèrè ta lọ̀tá. Ní tiwa yìí, ohun tí à ń ṣọ́ bọ́dà nítorí ẹ̀, inú ilé wa ló ti ń tà.

Nítorí náà mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n fi Ṣẹ́ẹ̀fù sílẹ̀ títí ayé. Ohun tó bí mi nínú, tó ṣì ń bí mi nínú, ni pé wọn ò sọ ọjọ́. Tí wọ́n bá ti sọ fún un lọ́jọ́ tó dé pé ọdún mẹ́rin, kò ní dín, kò ní lé, ìyàwó ẹ̀ á mọ ìgbà tó máa ra ìkòkò. Ẹni àkọ́kọ́ tó ń sáré Kùtọnú kiri yẹn náà, mo rò pé tó bá mọ̀ pé ọdún mẹ́ta péré ni, ó ṣeé ṣe kó gbé àwọn ọmọ wá, tàbí kó tiẹ̀ ra bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ò mọ ọjọ́ tó máa lọ kì í tú báàgì. Owó ò tó, ilé ò dáa, ọkọ̀ kọmísáríà wà nílé mẹkáníìkì ju ojú ọ̀nà lọ, gbogbo ìyẹn ni wọ́n máa kọ sínú fọ́ọ̀mù ọ̀rẹ́ mi, òótọ́ sì ni. Mi ò rò pé ibi tí wọ́n á ti fi àmì sí "mi ò mọ ọjọ́" wà nínú ẹ̀.

Oṣù kẹfà 2022, ìròyìn jáde pé wọ́n kọlu kọmísáríà Dassari ní Atacora, àwọn ọlọ́pàá kú níbẹ̀. Ìyá mi pè mí láago márùn-ún ìdájí, kò kí mi, ó ní "Ibo ni wọ́n gbé bàbá ọmọ mi lọ gan-an?" Mi ò mọ̀. A pe nọ́ńbà ẹ̀ títí, kò lọ. Ọ̀sán ló tó wọlé. Kò sí ní Dassari, ó jìnnà síbẹ̀ díẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa. Ó bá ìyá mi sọ Yorùbá, ó ti ń gbàgbé ẹ̀, ó wá bi í pé ṣé kajú ti ń yọ òdòdó. Kò tíì yọ nígbà yẹn.

Àwọn mẹ́ta tó ti gbé ibẹ̀ látìgbà yẹn, mi ò mọ̀ wọ́n dáadáa, ọ̀kan ò tiẹ̀ mọ̀ pé kajú ni igi tó wà lẹ́yìn balùwẹ̀. Ó ti ń so báyìí. Lọ́dún tó kọjá ìyá mi ṣa kóró ẹ̀, ó tà á, ó pe Atacora, ó ní owó yín nìyí. Ṣẹ́ẹ̀fù ní kó fi ṣe nǹkan kan sínú yàrá yẹn. Ìyá mi lọ bá kápẹ́ńtà, ó ra bẹ́ẹ̀dì onígi, ó gbé e síbẹ̀, ó ní ó sú òun láti máa wo ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹni tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí kéré, ọmọ Ègùn láti apá Àjàṣẹ́ níbí, owó oṣù méjì ló san. Lọ́jọ́ Àjíǹde mo lọ kí i, báàgì ẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, síípù ẹ̀ wà ní títì. Mo bi í pé báwo ni ibí, ó ní ó ń lọ. Ó bi mí pé ibo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń mú jù, mo ní abẹ́ kajú. Mo ti ń lọ kó tó tún pè mí padà, ó ní bẹ́ẹ̀dì yẹn ń dún lóru, ṣé mo mọ kápẹ́ńtà kankan nítòsí.